Ìwọ̀n Nínú Àjẹyó: Ìtàn Ilé Oúnjẹ Ẹja Òkun àti Súṣì ní Jàpáànì àti Amẹ́ríkà, 1947–2024

1. Ìfáàrà

Ní ilé oúnjẹ tí tẹrú tọmọ mọ̀, iye tí oníbàárà bá jẹ ni yóò san. Ẹni tí ó bá fi ẹran méjì jẹ iyán yóò san owó ẹran méjì. Ẹni tí ó bá sì ní kí wọ́n tún bù sí i mọ̀ pé owó òun ń lọ sókè. Ṣùgbọ́n oríṣi ilé oúnjẹ kan wà tí ó yí òfin yìí padà. Owó kan ṣoṣo ni oníbàárà yóò san níbẹ̀, yóò sì máa bù, yóò sì máa jẹ títí yóò fi yó. Búfẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é; oúnjẹ àjẹyó ni iṣẹ́ yìí yóò máa pè é. Èyí tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò ni èyí tí wọ́n ń fi ẹja òkun, edé, akàn àti súṣì ṣe. Súṣì jẹ́ oúnjẹ àwọn ará Jàpáànì, tí wọ́n ń fi ìrẹsì tí wọ́n po ọtí kíkan mọ́ ṣe, tí wọ́n sì ń gbé ẹja lé lórí. Láìsè ni wọ́n sábà máa ń jẹ ẹja náà.

Ohun tí ó mú kí irú ilé oúnjẹ yìí yẹ fún àyẹ̀wò òpìtàn ni pé ẹja òkun àti súṣì wà lára àwọn oúnjẹ tí ó ṣòro jù lọ láti tà ní àjẹyó. Ẹja tútù kì í pẹ́ bàjẹ́, akàn wọ́n, súṣì ń fẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Báwo ni oúnjẹ tí ó wọ́n, tí kò sì lè pẹ́ nílẹ̀, ṣe di ohun tí ẹnikẹ́ni lè jẹ yó lórí owó kan? Àwọn kan lè dáhùn pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà lówó ni, àti pé àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn oúnjẹ púpọ̀. Ìdáhùn yìí kò tó. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìwọ̀n kò kúrò nínú oúnjẹ yìí rí. Ibi tí wọ́n gbé e sí ni ó ń yí padà. Ó kúrò lórí àwo ẹni tí ń jẹun, ó lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó dé ọ̀dọ̀ apẹja, ó sì wọ inú òkun lọ. Ìtàn oúnjẹ àjẹyó ni ìtàn ìrìn àjò ìwọ̀n náà.

2. Súṣì àti Ìwọ̀n ní Ilẹ̀ Jàpáànì

Ní ìbẹ̀rẹ̀, súṣì kì í ṣe oúnjẹ àjẹyára. Ọ̀nà ìtọ́jú ẹja ni. Wọn a fi iyọ̀ sí ẹja, wọn a tò ó sáàárín ìrẹsì sísè, wọn a sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó lè kan. Nígbà tí ó bá kan tán, ẹja ni wọ́n ń jẹ. Ìrẹsì náà ni wọ́n sábà máa ń dànù. Ẹni tí ó bá mọ bí ògì ṣe ń kan kò ní ya ẹnu sí èyí: kíkan yàtọ̀ sí bíbàjẹ́. Irú súṣì àtijọ́ bẹ́ẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ funazushi, ṣì wà ní agbègbè Adágún Biwa títí di òní.

Ní nǹkan bí àwọn ọdún 1820, ní ìlú Edo tí ó di Tokyo lẹ́yìn náà, oríṣi súṣì mìíràn gba ìgboro. Hanaya Yohei, tí wọ́n bí ní ọdún 1799 tí ó sì kú ní ọdún 1858, ni ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ó sọ ọ́ di olókìkí. Kò sí pé ènìyàn ń dúró de oṣù mọ́. Wọn a po ọtí kíkan mọ́ ìrẹsì, wọn a fi ọwọ́ mọ ọ́n, wọn a gbé ẹja lé e lórí, oníbàárà a sì jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Oúnjẹ àwọn ènìyàn tí ń kánjú ni, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń tà á.

Ìgbà tí ìwọ̀n hàn kedere jù lọ nínú ìtàn súṣì ni ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Oúnjẹ wọ́n ní Jàpáànì nígbà náà, ìjọba sì ń fi ìwọ̀n pín ìrẹsì fún àwọn ará ìlú. Ní ọdún 1947, òfin pàjáwìrì kan ti àwọn ilé oúnjẹ pa. Àwọn oní-súṣì ìlú Tokyo wá ta ọgbọ́n kan: wọ́n ní àwọn kò ta oúnjẹ, pé iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni àwọn ń bá ẹni tí ó bá mú ìrẹsì tirẹ̀ wá ṣe. Àwọn aláṣẹ gbà bẹ́ẹ̀. Oníbàárà a gbé ìrẹsì gō kan wá, èyí tí ó tó nǹkan bí 150 gíráàmù. A san owó iṣẹ́, a sì gba súṣì mẹ́wàá. Kò sí ìkọkànlá.

Ó yẹ kí èyí wà lọ́kàn òǹkàwé bí àlàyé ti ń tẹ̀ síwájú. Ní ọdún 1947, ẹni tí yóò jẹ súṣì ni ó ń gbé ìwọ̀n oúnjẹ rẹ̀ wá láti ilé, ní ọwọ́ ara rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá péré lẹ́yìn náà, ní ìlú Tokyo kan náà, oúnjẹ àjẹyó dé.

3. Láti Súwídìn dé Las Vegas, àti láti Súwídìn dé Tokyo

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn oní-súṣì ni oúnjẹ àjẹyó ti wá. Orísun rẹ̀ tí ó hàn jù lọ ni àṣà àwọn ará Súwídìn tí wọ́n ń pè ní smörgåsbord. Tábìlì gígùn ni, tí wọ́n to ẹja oníyọ̀, búrẹ́dì, ẹran àti wàràkàṣì sí, tí àlejò yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù nínú rẹ̀. Nígbà tí Àfihàn Àgbáyé wáyé ní New York ní ọdún 1939, ilé oúnjẹ Three Crowns tí ó wà ní ibùdó Súwídìn gbé irú tábìlì yìí kalẹ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà, ó sì ń yí bí wọ́n ti ń bu oúnjẹ lórí rẹ̀. Ní ìlú tí ó ti wá, ó jẹ́ ọ̀nà láti pọ́n àlejò lé. Ní Amẹ́ríkà, òwò ni ó dà.

Ìlú Las Vegas ni òwò náà ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Ilé ìtura El Rancho Vegas ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 1941. Láàárín àwọn ọdún 1940 kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ kalẹ̀ ní òru, tí ẹni tí ó bá san dọ́là kan lè jẹ títí yóò fi yó. Herb McDonald, tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dá a sílẹ̀. Oúnjẹ kọ́ ni ọjà tí ilé ìtura náà ń tà; tẹ́tẹ́ ni. Ẹni tí ebi bá pa ní òru yóò dìde kúrò nídìí tẹ́tẹ́, ó sì lè má padà wá mọ́. Ẹni tí ó bá rí oúnjẹ nítòsí kò ní lọ. Nítorí náà, àdánù tí ó bá wà lórí oúnjẹ, ìdí tẹ́tẹ́ ni wọ́n ti ń rí i gbà padà. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn yìí tí ìwọ̀n kúrò lórí àwo tí ó sì fi ara pamọ́ sí ibòmíràn. Ẹni tí ó ń jẹun rò pé òun rí oúnjẹ púpọ̀ jẹ lówó pọ́ọ́kú. Àmọ́ ẹni tí ó pàdánù ní ìdí tẹ́tẹ́ ni ó san ìyókù.

Ọ̀nà tí ó gbà dé Tokyo yàtọ̀. Inumaru Tetsuzo, ọ̀gá àgbà Imperial Hotel, rí smörgåsbord nígbà tí ó rin ìrìn àjò lọ sí Dẹ́mákì. Ó wá pàṣẹ fún Murakami Nobuo, alásè ilé ìtura náà tí ó ń kọ́ṣẹ́ ní Paris nígbà náà, pé kí ó wádìí bí wọ́n ti ń ṣe é. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1958, wọ́n ṣí ilé oúnjẹ tuntun kan tí wọ́n sọ ní Imperial Viking. Orúkọ náà ní ìtàn tirẹ̀. Smörgåsbord wúwo lẹ́nu àwọn ará Jàpáànì. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ dá orúkọ mìíràn lábàá. Ní àkókò kan náà ni ilé sinimá kan nítòsí ń fi fíìmù The Vikings hàn, níbi tí àwọn jagunjagun orí omi ti ń jẹ tí wọ́n sì ń mu láìsí ìjánu. Orúkọ wọn ni wọ́n mú. Láti ìgbà náà ni baikingu ti di orúkọ tí àwọn ará Jàpáànì ń pe oúnjẹ àjẹyó, yálà ẹja ni wọ́n tò síbẹ̀ tàbí àkàrà òyìnbó.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè wọ ibẹ̀. Owó oúnjẹ ọ̀sán jẹ́ 1,200 yẹ́n, ti alẹ́ sì jẹ́ 1,600 yẹ́n, ní ìgbà tí owó oṣù ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì kò ju nǹkan bí 13,000 yẹ́n lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ àjẹyó lẹ́ẹ̀kan ní alẹ́ yóò ná ju ìdá mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀. Ìwọ̀n kúrò lórí àwo, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni ó lọ dúró sí.

4. Bẹ́líìtì Shiraishi: Ọ̀nà Kejì

Ní ọdún 1958 kan náà, ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ ní ìlú Fuse nítòsí Osaka, ìlú tí ó wà lára Higashiosaka nísinsìnyí. Shiraishi Yoshiaki ní ilé súṣì kékeré kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ń wá jẹun. Oníbàárà pọ̀, òṣìṣẹ́ kò tó, owó tí àwọn tí ń jẹun ní lọ́wọ́ kò sì tó nǹkan. Nígbà tí ó rí bẹ́líìtì tí ń gbé ìgò bíà kiri ní ilé-iṣẹ́ Asahi, ó rò ó pé irú rẹ̀ lè gbé àwo súṣì kiri níwájú àwọn oníbàárà. Ó gbìyànjú rẹ̀ títí ó fi yọrí sí rere. Nígbà tí Àfihàn Àgbáyé wáyé ní Osaka ní ọdún 1970, ilé súṣì rẹ̀ wà níbẹ̀, òkìkí bẹ́líìtì náà sì kàn káàkiri.

Ó wúlò láti fi ọ̀nà méjèèjì wé ara wọn, nítorí ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń dáhùn: báwo ni oúnjẹ tí ó jẹ́ ti àwọn díẹ̀ ṣe lè dé ọ̀dọ̀ àwọn púpọ̀? Ní Imperial Viking, wọ́n pa kíkà rẹ́. Ní ilé Shiraishi, kíkà ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ẹni tí ó jẹun tán ní ìdí bẹ́líìtì yóò rí àwo rẹ̀ níwájú rẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, bí ẹlẹ́rìí. Iye wọn ni yóò fi san owó. Ní ilé oúnjẹ àjẹyó, òṣìṣẹ́ yóò tètè gbé àwo tí ó ti ṣófo kúrò lórí tábìlì, nítorí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ fi í kà. Nínú ọ̀nà kan, ojú ń rí ìwọ̀n. Nínú èkejì, wọ́n gbé e kúrò lójú.

5. Bí Ẹja Ṣe Di Púpọ̀

Kò sí ilé oúnjẹ tí ó lè ta ẹja òkun ní àjẹyó bí ẹja kò bá lè dé láti ọ̀nà jíjìn, ní gbogbo ọjọ́, ní iye tí ó ṣeé fi ọkàn tẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ó mú èyí ṣeé ṣe láàárín ọdún 1970 sí 1990: ọkọ̀ òfuurufú, iṣẹ́ ẹja sísìn, àti ẹ̀rọ tí ń sọ ẹja kan di èkejì.

Ọkọ̀ òfuurufú ni àkọ́kọ́. Ọjà tí Jàpáànì ń kó lọ sí Amẹ́ríkà àti Kánádà pọ̀ ju èyí tí ọkọ̀ ń kó bọ̀ lọ, àyè sì ń ṣófo nínú ọkọ̀ tí ń padà. Ilé-iṣẹ́ Japan Airlines wá ohun tí wọn yóò fi kún un. Ní etíkun ìhà ìlà-oòrùn Kánádà, àwọn tí ń pẹja fún eré ìdárayá máa ń pa ẹja tuna ńlá, wọ́n sì máa ń sọ wọ́n nù. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 1972, wọ́n ta ẹja tuna tí ọkọ̀ òfuurufú gbé ti Kánádà wá ní ọjà Tsukiji ní Tokyo. Láti ọjọ́ náà, òkun tí ó jìnnà jù lọ di òkun ìtòsí.

Ẹja sísìn ni èkejì. Ní nǹkan bí ọdún 1977, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ààlà máìlì òkun 200 sí omi wọn, èyí sì dí ọ̀nà mọ́ àwọn apẹja Jàpáànì ní ibi púpọ̀ tí wọ́n ti ń pẹja tẹ́lẹ̀. Nọ́wè, orílẹ̀-èdè tí ẹja gbígbẹ rẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní ọjà Nàìjíríà, rí àyè níbẹ̀. Ẹja salmon tí wọ́n ń sìn ní omi Nọ́wè pọ̀ ju iye tí wọ́n lè tà lọ. Ní ọdún 1985, Thor Listau, mínísítà ẹja pípa ní Nọ́wè, kó àwọn oníṣòwò lọ sí Jàpáànì; ìpolówó ọlọ́jọ́ pípẹ́ kan tí wọ́n pè ní Project Japan sì tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Àwọn ará Jàpáànì kì í jẹ salmon láìsè, nítorí aràn tí ó máa ń wà nínú èyí tí wọ́n ń pa ní omi tiwọn. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbà pé salmon tí wọ́n fi ọwọ́ sìn, tí wọ́n sì fi oúnjẹ tí kò ní aràn bọ́, yẹ fún súṣì. Lónìí, salmon wà lára ẹja tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lórí súṣì káàkiri ayé. Ẹni tí ó rò pé àṣà ayébáyé ni kò mọ̀ pé oníṣòwò ni ó dá a.

Ìkẹta ni ẹ̀rọ. Àwọn ará Jàpáànì ti mọ bí wọ́n ṣe ń lọ ẹran ẹja funfun kúnná láti ìgbà pípẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n rí ọ̀nà láti fi í ṣe ohun tí ó dà bí ẹran akàn ní ojú àti ní ẹnu. Akàn tí kì í ṣe akàn yìí, tí ó pọ́n ní ẹ̀yìn tí ó sì funfun nínú, bọ́ sí àkókò gan-an ní Los Angeles. Súṣì ti dé ìlú náà ní àwọn ọdún 1960, ní àdúgbò Little Tokyo. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ká píà, akàn àti ìrẹsì pọ̀ sínú ewé òkun, tí wọ́n sì pè é ní California roll. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é ṣì ń fa àríyànjiyàn. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn ni pé súṣì yìí kò ní ẹja tútù nínú: kò ba ẹni tí kò jẹ ẹja láìsè lẹ́rù, kò tètè bàjẹ́, ìrẹsì inú rẹ̀ sì ń yóni. Ní ọdún 1977, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà tí George McGovern jẹ́ alága rẹ̀ gba àwọn ará ìlú nímọ̀ràn pé kí wọ́n dín ẹran pupa kù, kí wọ́n sì máa jẹ ẹja sí i. Ilẹ̀ ti tẹ́jú fún ohun tí ń bọ̀.

6. Santa Monica, 1985

Ní ọdún 1985, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì láti Jàpáànì, Toru Makino àti Kaku Makino, ṣí ilé oúnjẹ kan sí Santa Monica ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà. Wọ́n pè é ní Todai, èyí tí ó túmọ̀ sí ilé iná tí ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà. Súṣì àti ẹja òkun ni wọ́n tò sórí tábìlì gígùn, owó kan ni wọ́n sì ń gbà. Níbí ni ọ̀nà méjì tí ó pínyà ní ọdún 1958 ti pàdé: súṣì ti Jàpáànì bọ́ sórí tábìlì tí Súwídìn bí tí Amẹ́ríkà sì tọ́. Lẹ́yìn náà, ilé oúnjẹ náà ní ẹ̀ka ní ìlú bíi Las Vegas àti Honolulu, ó sì kọjá sí Éṣíà, títí dé Seoul. Ọ̀pọ̀ mìíràn tí kì í ṣe ti àwọn Makino gba ọ̀nà kan náà.

Báwo ni irú ilé oúnjẹ yìí ṣe ń jèrè? Àkọ́kọ́ ni pé kì í ṣe ẹnì kan ni olóúnjẹ ń ṣírò, àpapọ̀ ènìyàn ni. Arúgbó tí ó jẹ àwo kan ń san apá kan owó ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jẹ àwo mẹ́fà. Èkejì ni ètò tábìlì. Ìrẹsì, núdù àti ọbẹ̀ olómi ni ẹsẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ kàn. Ẹsẹ̀ akàn àti ẹja olówó iyebíye sì wà níwájú, níbi tí àwo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kí oníbàárà tó dé. Ìkẹta ni ìrẹsì inú súṣì fúnra rẹ̀: bí ó bá tóbi, ẹja orí rẹ̀ yóò tètè tó. Ìkẹrin ni iṣẹ́. Alásè kò dúró de ohun tí oníbàárà bá béèrè. Ó ń ṣe súṣì kan náà ní ọgọ́ọ̀rọ̀. Nítorí náà, kò pọn dandan kí gbogbo ẹni tí ń ká súṣì jẹ́ ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ iṣẹ́ náà lẹ́sẹ̀ ọ̀gá.

Àwọn oníbàárà náà kò sùn. Àwọn kan ń ṣí ẹja kúrò lórí ìrẹsì, wọ́n a jẹ ẹja, wọ́n a fi ìrẹsì sílẹ̀. Ìdáhùn àwọn olóúnjẹ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn fi òfin lélẹ̀: ẹni tí ó bá fi oúnjẹ sílẹ̀ yóò san owó rẹ̀; ẹni tí ó bá jókòó kọjá wákàtí kan ààbọ̀ tàbí méjì yóò dìde. Àwọn òfin wọ̀nyí ni ẹ̀rí tí ó dájú jù lọ pé ìwọ̀n kò kúrò rárá. Ìgbà tí aago bá di ohun tí wọ́n fi ń wọn oúnjẹ, oúnjẹ àjẹyó ti di oúnjẹ onígbà.

7. Ta Ni Yóò Ru Igbá Dé Ilé?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó jẹ oúnjẹ tán láì rántí àwọn ọmọdé tí ń retí òun ni yóò jìyà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Òwe náà gbà pé olùjẹ àti aláàárù jẹ́ ẹnì kan náà. Ohun tí oúnjẹ àjẹyó ti òde òní ṣe ni pé ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Àpẹẹrẹ mẹ́ta lè fi èyí hàn.

Èkíní jẹ mọ́ iṣẹ́ àwọn apẹja. Ní ọdún 2015, àwọn akọ̀ròyìn Associated Press fi hàn pé àwọn ọkùnrin tí wọ́n kó láti Myanmar àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú lórí ọkọ̀ ìpẹja, tí wọ́n sì há àwọn kan mọ́ inú àgò ní erékùṣù Benjina ní Indonéṣíà. Ẹja tí wọ́n ń pa ń gba Táílándì kọjá sínú ọjà Amẹ́ríkà. Ìròyìn náà mú kí ó ju 2,000 ènìyàn lọ tí wọ́n dá sílẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún 2016. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé gbogbo ilé oúnjẹ àjẹyó ni ó ra irú ẹja bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà tí ń béèrè ẹja púpọ̀ ní owó tí kò gbọdọ̀ lọ sókè ń ti ìwọ̀n sí ibi tí agbára àtidá a padà kò sí, ibẹ̀ sì ni ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní ohùn.

Èkejì jẹ mọ́ owó. Ilé-iṣẹ́ Red Lobster kì í ṣe búfẹ̀, nítorí òṣìṣẹ́ ni ó ń gbé oúnjẹ wá bá oníbàárà. Ṣùgbọ́n ó ti ta ẹja òkun ní àjẹyó. Ní ọdún 2003, ó ta akàn lọ́nà yìí ní ìgbà tí owó akàn ń lọ sókè, àwọn oníbàárà sì ń béèrè àwo lórí àwo. Ó kó àdánù bá ilé-iṣẹ́ náà, ààrẹ rẹ̀ sì kúrò lórí oyè ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ kan náà sọ edé àjẹyó di ohun ojoojúmọ́ ní 20 dọ́là. Láàárín oṣù mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e, àdánù rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 11 dọ́là. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún ọdún 2024, ó lọ sí ilé-ẹjọ́ láti wá ààbò lọ́wọ́ àwọn tí ó jẹ ní gbèsè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé edé ni ó pa á. Òpìtàn kò gbọdọ̀ gba èyí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2014, àwọn olówó tí wọ́n ra ilé-iṣẹ́ náà ta ilẹ̀ àti ilé rẹ̀, láti ìgbà náà ni àwọn ilé oúnjẹ náà sì ti ń san owó ilé lórí ibi tí ó jẹ́ tiwọn tẹ́lẹ̀. Síwájú sí i, Thai Union, tí ó ra ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú àwọn mìíràn ní ọdún 2020, ni ó tún ń ta edé fún un nígbà náà. Edé kọ́ ni ó dá gbèsè náà sílẹ̀. Ó kàn fi í hàn ni. Àwọn tí ó ru igbá náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ tí wọ́n tì pa.

Ẹ̀kẹta jẹ mọ́ òkun. Ẹsẹ̀ akàn tí wọ́n ń pè ní snow crab jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí ó ń fa ènìyàn wá sí ìdí tábìlì àjẹyó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àwọn aláṣẹ ní Alaska fòfin de pípa akàn yìí ní Òkun Bering fún gbogbo àkókò ìpẹja náà. Kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2023 fi hàn pé ó ju bílíọ̀nù 10 akàn lọ tí ó pòórá láti ọdún 2018. Omi òkun gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Ara akàn béèrè oúnjẹ sí i nínú omi gbígbóná, oúnjẹ náà kò sì sí. Ebi ni ó pa wọ́n. Kì í ṣe ìpẹja ni olórí ohun tí ó fà á, kò sì yẹ kí a di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹni tí ń jẹun. Ohun tí ó kọ́ni ni pé òkun kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn àìlópin. Olóúnjẹ ni ó ṣe àdéhùn náà lórúkọ òkun.

Síbẹ̀, ìtàn yìí kì í ṣe ti ìparun nìkan. Ní ọdún 2011, àjọ IUCN ka ẹja tuna ńlá ti Òkun Àtìláńtíìkì mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ń pa á fi òfin dín iye tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lè pa kù, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Ní ọdún 2021, àjọ kan náà yọ ẹja náà kúrò nínú ewu. Ìwọ̀n tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní gbangba, tí gbogbo ènìyàn sì mọ ẹni tí ó ń ru ú, ni ó dá ẹja náà padà.

8. Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti tọ ìtàn oúnjẹ àjẹyó ti ẹja òkun àti súṣì láti gō ìrẹsì kan ní ọdún 1947 títí dé ilé-ẹjọ́ ní ọdún 2024. Nínú gbogbo rẹ̀, ìwọ̀n kò sọnù rí. Ní Tokyo ẹ̀yìn ogun, ó wà lọ́wọ́ oníbàárà. Ní Las Vegas, ó wà ní ìdí tẹ́tẹ́. Ní Imperial Viking, ó wà ní ẹnu ọ̀nà. Ní ilé Shiraishi, ó wà lórí àwo tí wọ́n kó jọ. Láti ọdún 1985, ó wà nínú ìrẹsì, nínú aago, lọ́wọ́ alásè tí owó rẹ̀ kéré, lọ́rùn apẹja tí kò lè sọ̀rọ̀, àti nínú omi tí ń gbóná.

Èyí kò sọ pé ẹni tí ó jẹun yó ṣẹ̀. Yíyó jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó la ọdún 1947 kọjá ní Tokyo gbàdúrà fún, àǹfààní ni ó sì jẹ́ pé òṣìṣẹ́ lè jẹ ohun tí ó jẹ́ ti olówó nìkan tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ń kọ ìtàn oúnjẹ ti ń béèrè láti ìgbà pípẹ́ pé kí ni àwọn ènìyàn jẹ, àti pé mélòó ni wọ́n jẹ. Ìtàn yìí fi hàn pé ìbéèrè kẹta yẹ kí ó tẹ̀ lé wọn: níbo ni wọ́n gbé ìwọ̀n rẹ̀ sí? Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá hàn lórí tábìlì, ó yẹ kí a wá a lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, kí a sì wá a dé etí òkun.